Ọta Tí Orrin Rà ní Ṣọ́ọ̀bù

Láti ìgbà tí Orrin Sandvig ti ń ṣọdẹ ẹ́líkì, ìyẹn àgbọ̀nrín ńlá orí òkè Montana, kò ra ọta ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù rí. Fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣe é nínú gáràjì. Yóò kó ìkarahun idẹ àwọn ọta tó ti yìn jọ, yóò fọ̀ wọ́n, yóò wọn ẹ̀tù sínú wọn, yóò wá tẹ orí ọta tuntun mọ́ wọn lẹ́nu. Ó mọ ìwọ̀n ẹ̀tù tí ìbọn rẹ̀ fẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ ìwọ̀n ṣúgà tó ń mu nínú kọfí. Ẹni tó bá yin ọta ilé iṣẹ́ létí rẹ̀, ẹ̀rín ló máa fi í rín. Ó ní ìbọn gbogbo ayé ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, wọn ò ṣe é fún ìbọn tòun.

Ọdún tí ìyàwó rẹ̀ kú ni ọwọ́ Orrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àkókò ọdẹ ń sún mọ́lé, Marlys, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé oúnjẹ wá bá a nínú gáràjì, ó sì rí ẹ̀tù káàkiri ilẹ̀ bí iyanrìn dúdú.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ra ti ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá ṣì í wọ̀n, ojú yín ni ìbọn yẹn máa bú sí."

Orrin mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìlapákó tó ti ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, ìyàwó ò sí mọ́, iṣẹ́ orí tábìlì yìí nìkan ló kù tí ń jẹ́ kó mọ̀ pé òun ṣì wúlò. Ó rò ó títí ó fi sú u. Níkẹyìn ó ra páálí ọta kan, ó kì í sábẹ́ aṣọ nínú àpò rẹ̀.

Clayton, ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣọdẹ láti kékeré, rí i nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè.

"Ìwọ Orrin! Ìwọ náà ti wá di oníṣọ́ọ̀bù?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Mi ò ráyè ṣe é ni."

Lọ́jọ́ yẹn, abo ẹ́líkì kan jáde láàárín igi, ó fẹ̀gbẹ́ sí wọn, kò sì jìnnà. Orrin gbé ìbọn lé igi tó wó, ó yìn ín. Ẹran náà ká ẹ̀yìn kò, ó sì wọ igbó lọ. Koríko tó ti jẹ sínú ti dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá nílẹ̀. Ikùn ni ọta bà. Wọ́n tọ ipa ẹ̀jẹ̀ náà títí yìnyín fi bò ó. Kí èèyàn ṣe ẹran léṣe kó sì fi í sílẹ̀ kó máa joró kú, ohun tí Orrin fi ń bú àwọn ẹlòmíràn nìyẹn.

"Ọta burúkú ni," ó ń wí léraléra nínú ọkọ̀. "Tó bá jẹ́ tèmi ni, ojú ẹsẹ̀ ló máa ṣubú."

Clayton kàn ń wakọ̀ lọ. Ìyẹn ló bí Orrin nínú tó fi ní dandan kí wọ́n lọ dán ọta náà wò ní pápá ìyìnbọn ẹ̀yìn ìlú. Clayton dùbúlẹ̀, ó fi ìbọn Orrin yin ọta inú páálí kan náà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí bébà tó yìn, àwọn ihò ọta ibẹ̀ fẹnu kanra láàárín gan-an.

"Bóyá atẹ́gùn ló fẹ́ lọ́jọ́ yẹn," Clayton ní.

"Atẹ́gùn kankan ò fẹ́." Orrin na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ń gbọ̀n. "O ti rí èyí tẹ́lẹ̀?"

"Mo ti rí i láti èṣí."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Clayton wá pè é, Orrin ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ilé ìdáná ló jókòó sí tó ń gbọ́ ìró ìbọn lókè. Clayton fi ẹran ránṣẹ́, Marlys sè é, ó gé e sí wẹ́wẹ́ fún bàbá rẹ̀ kó tó gbé e fún un. Orrin jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ó ní òun ti yó.