Àsíá Tí Jórinjórin Dá Padà

Nígbà àkọ́kọ́ tí jórinjórin àdúgbò wa síwájú gbogbo ọkọ̀ nínú eré ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, apá òdì ló gbà yí àgbá pupa po. Àgbá yìí ni wọ́n fi ìdákọ̀ró so mọ́ àárín adágún, kí àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun lè yípo rẹ̀ kí wọ́n tó máa bọ̀ wá sí èbúté. Ọwọ́ òsì ló yẹ kí àgbá wà. Ó fi í sí ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn tẹ̀ lé e, àfi ọkọ̀ tó kẹ́yìn, tó jìnnà débi pé kò rí ẹni tí yóò tẹ̀ lé. Kí ẹnikẹ́ni tó fọhùn, Jórin, bí a ṣe ń pè é, ti pariwo pé, "Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà o! Ẹni tó kẹ́yìn ló gbégbá orókè!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kì í ti í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò mọ́ lórí omi.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ìròyìn tí wọ́n ń gbé kiri nípa rẹ̀ kò tọ̀nà. Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ló dalẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ìlara ni. Irọ́ ni, ó sì yẹ kí ojú ti àwọn tó ń sọ ọ́.

Eré náà kò ní adájọ́. Bí iṣẹ́ bá parí ní Ọjọ́rú, àwọn tó ní ọkọ̀ kéékèèké á kó jọ. Bàbá Onífèrè, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, á fọn fèrè, wọ́n á sì gbéra. Ojú Bàbá kò ríran kọjá èbúté. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá ẹlòmíràn tí kò sì ní ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì kó tó máa bá eré lọ. Òfin ọ̀nà kò sì le. Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń bá láti ọwọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ kan náà ni afẹ́fẹ́ ti ń bá àwọn méjèèjì, èyí tí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ kàn ni yóò yà fún ìkejì.

Ẹni tó bá borí nínú eré ìparí ọdún ló máa ń ta àsíá búlúù sórí òpó ọkọ̀ rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Jórin kò rí àsíá náà gbà rí. Bàbá wọn ló fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, alágbàfọ̀. Jórin ló ń di ìtọ́kọ̀ mú, àbúrò ló ń mójú tó okùn níwájú.

Ní ìrọ̀lẹ́ eré ìparí náà, afẹ́fẹ́ kò mọ ibi tó ń lọ. Á fẹ́ láti ìhà òkè, á dákẹ́, á tún yọ láti ẹ̀yìn àwọn ilé gíga. Jórin ń bọ̀ wá sí èbúté, afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ ọkùnrin tó ni ilé ìtaògùn, tí gbogbo wa ń pè ní Kẹ́mísì, ń sún mọ́ ọn láti apá ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni afẹ́fẹ́ ti ń bá Kẹ́mísì.

"Kẹ́mísì, yà! Èmi ni mo ni ọ̀nà!"

Bó ti ń pariwo ni afẹ́fẹ́ yí padà sí ọwọ́ òsì. Ìgbòkun rẹ̀ kọjá sí apá ọ̀tún jẹ́jẹ́, bí ẹni tó yí ara padà lórí ibùsùn. Àbúrò tẹ orí ba fún un.

"Bọ̀ọ̀dá, aṣọ ìgbòkun ti yí o! Àwa ló yẹ ká yà!"

Kò gbọ́. Kẹ́mísì nìkan ló ń wò. "Ṣé etí ẹ di ni? Mo ní kó o yà!"

Ọkọ̀ méjèèjì gbá ara wọn gbàù. Kẹ́mísì wò ó, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì. Jórin kọjá. Fèrè dún.

Bàbá Onífèrè ti na àsíá síwájú, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, nígbà tí alágbàfọ̀ dìde nínú ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún wa. Aṣọ wa ti yí ká tó gbá wọn. Àwa la jẹ̀bi."

Káfíńtà àdúgbò, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀, ló kọ́kọ́ lahùn: "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn o. Irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣé ìta la ti ń sọ ọ́?"

Kò sí ìbéèrè tó burú tó bẹ́ẹ̀. Níbo ló fẹ́ kó ti sọ ọ́, nínú ìkòkò?

"Ta ló bi ọ́?" ni Jórin wí.

"Mo sọ ọ́ fún yín lójú omi, Bọ̀ọ̀dá."

"Òpùrọ́ ni ọ́!"

Ó já àsíá gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà náà, ó so ó mọ́ òpó, ó lọ. Pípè tó pè é ní òpùrọ́ ló ń bí mi nínú títí di òní, kì í ṣe ti àsíá. Ó mọ̀ pé àbúrò òun kì í purọ́.

Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó jó irin fèrèsé oníbàárà bà jẹ́. Níkẹyìn ó wọ ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ lọ, ó dúró sáàárín àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó rọ̀.

"O fi mí ṣẹ̀sín."

Àbúrò kò gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Nígbà tá a gúnlẹ̀, apá ibo lẹ ti ká ìgbòkun?"

"Apá ọ̀tún."

"Ṣé afẹ́fẹ́ tún yí lẹ́yìn tá a gbá wọn?"

Ó gbá ilẹ̀kùn débi pé ṣẹ́ẹ̀tì méjì já bọ́.

Ọ̀dọ̀ Kẹ́mísì ló gbà lọ, ó ju àsíá sórí káńtà.

"Jókòó," ni Kẹ́mísì wí.

"Mi ò jókòó. Inú ṣì ń bí mi sí ẹ. Kí ló dé tó o yí ọkọ̀ rẹ po nígbà tó ò jẹ̀bi? O ò lẹ́nu ni?"

"Mo rí aṣọ yín tó yí. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí."

"Kí ló dé?"

"Torí pé ìwọ lò ń pariwo. Ká ní káfíńtà ni, mo máa bú u. Má tún fi ohùn yẹn ṣe mí bẹ́ẹ̀ mọ́ o, mo kìlọ̀ fún ẹ."

Jórin jáde láìdágbére.

Nígbà tí eré ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀, ó dúró ní èbúté, ó pariwo bí ẹni tó ń jà: "Níbí ni mo ti pè é ní òpùrọ́. Èmi ni mo purọ́! Káfíńtà, ṣé o gbọ́? Àbí kí n lọ sọ ọ́ nílé?" Ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Di ìtọ́kọ̀ mú. Ẹni tí kò mọ ibi tí aṣọ ọkọ̀ rẹ̀ wà kò yẹ ní ìdí rẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò ní kẹ́ ẹ dìde níbẹ̀."

"Mo ní kó o dì í mú!"

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ti rí i, ó di okùn mú, ó fa ojú ro. Àbúrò rẹ̀ ló ń tọ́ ọkọ̀. Ipò kẹrin ni wọ́n wà.