Ọwọ́ Kẹta

Ìyá Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn, kì í sì í ṣe pé ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí dókítà bá rí i pé ẹ̀yìn ìkókó kan jin kòtò díẹ̀ nísàlẹ̀, tàbí pé irun hù síbi tí kò yẹ kó hù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń darí ìyá àti ọmọ sí, nínú yàrá kan tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, kó lè fi síkáànù wo inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ṣe é. Òun alára kò bímọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé pa rọ́rọ́, bí ẹ̀yìn bá sì ń dun òun náà, kò sẹ́ni tí yóò bá a fi òróró ra á.

Kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́rin ni iṣẹ́ yẹn dùn ún ṣe. Eegun ìkókó ṣì rọ̀ nígbà náà, síkáànù sì ń rí inú rẹ̀. Tó bá ti le, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Okùn kan ló wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tí ẹsẹ̀ fi ń gbọ́ràn sí orí lẹ́nu. Ìdí okùn náà kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá eegun kejì nínú márùn-ún tó wà ní ìbàdí, bí a bá kà láti òkè. Bó bá kọjá ibẹ̀, tí kò sì mì bí ọmọ ti ń mí, á jẹ́ pé ó ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe ń ga ni yóò máa fà á, ẹsẹ̀ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá dọ̀rọ̀ ká mọ eegun kà.

Ọwọ́ mẹ́ta ni kíkà náà ń gbà. Ọ̀kan á di ẹ̀rọ mú lẹ́yìn ọmọ, ọ̀kan á wà lórí bọ́tìnnì, ẹ̀kẹta á tẹ eegun ìhà tó kẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìbàdí ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọdún mẹ́rìnlá, nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ni ọwọ́ kẹta yẹn. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń bú ara wọn: “Ìka rẹ ti sùn!” “Ojú tìẹ ló sùn!” Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni nọ́ọ̀sì náà fẹ̀yìntì. Àwọn aláṣẹ ní àwọn ń wá ẹlòmíràn. Bóyá wọ́n ṣì ń wá a. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ Ìyá Ẹ̀yìn kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti eegun ìdí gòkè, níbi tí kò ti nílò ìka ẹnikẹ́ni. Àárò nọ́ọ̀sì náà sọ ọ́ gan-an. Ìkókó nìkan ló kù tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, onídìrí kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ náà pé oṣù mẹ́rin. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Ìyá Ẹ̀yìn kà láti ìsàlẹ̀, ó bá ìdí okùn náà ní eegun kejì. Ó dára. Àmọ́ okùn ọ̀hún dúró gbagidi, kò mì. Ó tún un kà, èjì náà ni. Bó bá kọ ọ́ pé kò séwu, ta ni yóò bi í? Ọkàn rẹ̀ kò gbà. Lára ọmọ mìíràn, eegun ìdí tó wà lókè pátápátá máa ń jọ eegun ìbàdí, ẹni tó bá sì kà á mọ́ ọn ti fi ẹyọ kan ṣìnà.

“Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín dà?”

“Èmi kẹ̀? Irun ni mo ń dì o, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì.”

“Ẹni tó ń fi ìka la irun á rí eegun ìhà. Ẹ máa fọwọ́ tọ̀ ọ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó kẹ́yìn lè kéré bí igi ìṣáná.”

Onídìrí wá a, ó dúró, ó tún sún sísàlẹ̀. “Mo rò pé ibí ni. Rárá o, ọ̀kan ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, kékeré báyìí.”

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má gbé e.”

Òjìji ìka náà hàn lójú ẹ̀rọ. Ìyá Ẹ̀yìn kà láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó sì gbàgbé ara rẹ̀, ó kà á síta: “Ení. Èjì. Ẹ̀ta.” Ẹ̀kẹta ni okùn náà parí sí.

“Èwo ló yẹ kó jẹ́?”

Dókítà nìkan ni òfin gbà láàyè láti sọ èsì fún ìyá ọmọ. “Èkejì,” ni Ìyá Ẹ̀yìn wí.

Onídìrí kò gbé ìka rẹ̀ kúrò. “Ṣé ọwọ́ mi ò ṣì?”

“Kò ṣì. Iṣẹ́ abẹ wà fún un. Ẹ tètè dé, mo dúpẹ́.”

Onídìrí fi apá aṣọ nu ojú. Ayọ̀ kan tó ti Ìyá Ẹ̀yìn lójú wọ inú rẹ̀: láti oṣù mẹ́jọ, ẹnì kan ti bá a mọ nǹkan nínú yàrá yẹn.

Bí onídìrí ti ń wọṣọ fún ọmọ, ó ní, “Mà, àwọn ọmọ tó ṣáájú tèmi ńkọ́? Ta ló bá yín tẹ ìhà tiwọn?”

Ìyá Ẹ̀yìn bojú wo ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lórí tábìlì.

Kò jẹun ọ̀sán. Ó tú ìwé àkọsílẹ̀ wò láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti lọ. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ni òun nìkan kà. Ó tọ ọ̀gá lọ, ó jẹ́wọ́. Ọ̀gá gbá orí mú. Ó ní kó pe gbogbo wọn padà, kó sì ti ara àwọn tí eegun wọn ṣì rọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí tiwọn ló rọrùn jù. Mọ́kànlá péré ni irú wọn.

Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó jókòó ti fóònù. Ẹ̀rù bà á, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó bá òun pín in. Àwọn mọ́kànlá yẹn kọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó wá nọ́ńbà ìyá ọmọ àkọ́kọ́ tí òun dá kà, èyí tí yóò ti máa sún mọ́ ọdún kan báyìí, tí eegun rẹ̀ á sì ti le, ó sì tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ káàsán, ìyá ọmọ. Èmi ni mo fi síkáànù wo ẹ̀yìn ọmọ yín lọ́jọ́sí. Ẹ má bínú, mi ò wò ó tán. Ẹ dákun, ṣé ó ti ń dìde dúró?”