Òpó Dúdú Tó Ń Gbé Ohùn Mì

Obìnrin kan wà tí gbogbo èbúté ń pè ní Dúró-Ná. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lára rẹ̀ débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ àbísọ náà, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Iṣẹ́ rédíò ọkọ̀ omi ló ń ṣe. Bí oníbàárà bá gbé rédíò wá tó ní, "Ìyá, wáyà kan ló já níbẹ̀, ẹ sáà bá mi so ó," á ní, "Dúró ná." Á tú bóòtì ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe ń jáde tẹ̀léra. Nígbà tó bá fi máa sọ ohun tó rí, oníbàárà á ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Ìwé mẹ́fà ló kà mọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ìyá wọn kú, tó fi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, lé e lọ́wọ́. Ọdún náà ló rí rédíò kan tí àwọn apẹja jù nù, ó gbé e wálé, ó tú u palẹ̀, kò sì lè tò ó padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Oṣù kan gbáko ló fi ń tú tó fi ń tò, àbúrò rẹ̀ á máa fi àwọn bóòtì náà ṣeré lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ kan rédíò náà húkọ́, ó sì sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni oúnjẹ àwọn méjèèjì ti ń wá láti ìgbà náà.

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta báyìí. Àbúrò rẹ̀ ti di káfíńtà, ó ti gbéyàwó, ó sì ti ra ọkọ̀ onígbòkun kan tí àwọn asáré-ìje lórí omi lò gbó. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí òdìkejì òkun, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin lójú omi, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Ọkùnrin náà fẹ́ wà níbẹ̀ kí ọmọ tó dé.

Ohun tí ó fẹ́ràn jù lára ọkọ̀ náà ni òpó rẹ̀, èyí tí wọ́n ń ta ìgbòkun mọ́. Fọ́nrán káábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é, òwú dúdú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí wọ́n hun, tí wọ́n sì fi àtè líle dì pọ̀. Ó ń dán bí ẹ̀yìn ejò. Ó fúyẹ́, ó sì le. Nígbà tó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun fi áńtẹ́nà rédíò sí i, ọ̀rọ̀ kan ló tẹnu mọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ ṣe. Àmọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má lu ihò sí òpó mi lára."

Dúró-Ná kò lu ihò. Ó gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ó fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ara òpó náà, abẹ́rẹ́ mítà kò mì. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú: iná kò gba ara rẹ̀ kọjá, a jẹ́ pé irú fáíbà tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ ni, ohùn á sì gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba inú fáíbà. Ó wá fi ọ̀já de áńtẹ́nà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó lápá òkè. Wọ́n pe ilé-ìṣọ́ èbúté láti ibi tí ọkọ̀ so sí. Olùṣọ́ dáhùn pé, "Ketekete!" Dúró-Ná kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àbúrò rẹ̀ tu ọkọ̀ náà jáde láti dán an wò. Irin ìdarí rẹ̀ ṣẹ́ lójú agbami. Ó fi rédíò pe ilé láti ọ̀sán títí oòrùn fi ń wọ̀, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Àwọn apẹja tó ṣèèṣì gba ibẹ̀ kọjá ló fà á wálé. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ètè rẹ̀ là, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ròyìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà, òun pẹ̀lú jókòó ti rédíò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí i sílẹ̀ gbangba. Kò gbọ́ ohunkóhun.

"Ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ," ni àbúrò náà wí lẹ́yìn tó tún irin ìdarí ṣe tán. "Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ á kọjú sí wa. Bí rédíò bá ṣiṣẹ́, ó dáa. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn ẹyẹ ò ní rédíò, wọ́n sì ń dé ibi tí wọ́n ń lọ."

"Ẹyẹ ò ní ẹ̀gbọ́n," ni obìnrin náà dáhùn. "Ìwọ ní."

Olùṣọ́ èbúté, ọkùnrin tó máa ń sọ òótọ́ pẹ̀lú ìtìjú, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá, ẹ má bínú o. Irú òpó yìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí wọn."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Á ti lọ. Iṣẹ́ mi ló kùnà, èmi náà ni mo máa tún un ṣe."

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó wọ inú ọkọ̀ náà tòun ti ìwé àti pẹ́ńsù. "Gbé e dé àárín omi," ó wí fún àbúrò rẹ̀, "kí o máa yí i po díẹ̀díẹ̀."

"Kí n máa yí bí òkòtó? Ẹ̀gbọ́n, gbogbo èbúté ló ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Ọ̀fẹ́ ni."

Ó yí agbára rédíò wálẹ̀ pátápátá, kí ohùn òun lè rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ó tẹ bọ́tìnì, ó pe ilé-ìṣọ́. Olùṣọ́ ní ketekete. Ọkọ̀ yí díẹ̀, ó tún pè. Ketekete. Ó tún yí. "Ìyá, ohùn yín ti ń jìnnà o." Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kẹrin kọjú sí ilé-ìṣọ́, ariwo bí òjò orí páànù ló kù nínú rédíò. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí olùṣọ́ lójú fèrèsé, rédíò lọ́wọ́, tó ń mi orí pé òun kò gbọ́ nǹkan kan.

"Áńtẹ́nà wà lápá ọ̀hún," ó wí. "Òpó ló wà láàárín òun àti olùṣọ́ báyìí. Ibi tí a ń so ọkọ̀ yìí sí, ẹ̀gbẹ́ tó dáa ló máa ń kọ sí ilé-ìṣọ́. Mo dán ẹyọ kan wò nínú mẹ́rin, mo sì pè é ní iṣẹ́."

Nígbà tí wọ́n padà, ó mú sáńpépà, ó ha ojú kékeré méjì lára ìdí òpó náà títí dídán rẹ̀ fi lọ tí dúdú tó ṣú lábẹ́ rẹ̀ fi yọ. Ó gbé ẹnu wáyà mítà lé e. Abẹ́rẹ́ fò dé òpin.

Ó mú mítà kúrò. "Vánìṣì ni mo wọ̀n," ó wí. "N kò wọn òpó."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Pé iná ń rìn nínú òpó rẹ yìí bó ṣe ń rìn nínú irin, aṣọ dídán ló wọ̀ tí n kò fi mọ̀. Ohùn tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń gbé e mì ni. Orí òpó ló yẹ kí áńtẹ́nà wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N ó fi ọ̀pá fáíbà tó gùn tó apá mi gbé e sókè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ẹ ó sì lu ihò."

"Méjì. Ìdérí orí rẹ̀ ni n ó lu, n kò ní fọwọ́ kan ara rẹ̀. Ojú ihò tí okùn ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wáyà máa gbà wọlé."

Àbúrò náà gbé ọwọ́ lé òpó, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ẹṣin lára. "Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín."

"Ọjọ́ tí o ń pè mí lórí omi tí n kò gbọ́, ta ni kí èmi bẹ̀?"

Àbúrò náà mú ọwọ́ kúrò lára òpó. Nígbà tó yá, ó ní, "Méjì péré o."

"Méjì."

"Ẹ jẹ́ kí èmi gùn ún nígbà náà."

"O ò ní pẹ́ lókè."

"Ṣé ìyẹn ò dáa ni?"

"Kò dáa."

Obìnrin aránṣọ-ìgbòkun tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀ ló bá a rán ọ̀já mọ́ àga aláṣọ tí wọ́n fi ń fa ènìyàn gòkè. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún ni wọ́n. "Ìwọ obìnrin yìí," ó wí bó ṣe ń ti abẹ́rẹ́, "igi gogoro tí àwọn àgbà ní kó má gún wa lójú, orí rẹ̀ lo fẹ́ lọ jókòó sí?"

"Ọ̀já yẹn, rán an lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo ti rán an lẹ́ẹ̀mejì."

"Rán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Ká ní o já bọ́ ńkọ́?"

"Ìwọ ni n ó bọ́ lé. Má jìnnà."

Ní Ọjọ́bọ̀, àbúrò rẹ̀ àti aránṣọ fi ẹ̀rọ ìfàkùn fà á gòkè. Kò wo ìsàlẹ̀. Òpó tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò, ó ń já ọ̀já tó fi de áńtẹ́nà tẹ́lẹ̀ kúrò bó ṣe ń gòkè, ó sì so áńtẹ́nà náà mọ́ okùn, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Mímì tí kò tó nǹkan nísàlẹ̀, bí ẹni ń jo ijó lókè ni. Ó fi aṣọ tútù di imú nítorí eruku dúdú, ó gbé dírílì lé ìdérí, ó ń lu, ó ń sinmi. Lẹ́yìn ihò méjèèjì, ó fi gúlù líle pa etí wọn kí omi má baà wọlé, ó sì lẹ pátákó fáíbà pẹlẹbẹ kan mọ́ ibẹ̀. Pátákó yìí ni yóò la irin àti òpó láàárín, nítorí pé bí irin bá fara kan káábọ́ọ̀nù nínú omi iyọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni irin náà á máa jẹra tí á fi di ìpẹtà. Ó ti ka ìyẹn, ó sì ti rí irú rẹ̀ lára ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ní àárọ̀ Ẹtì, àbúrò rẹ̀ fọwọ́ kan gúlù tó ṣẹ́kù nínú agolo. "Ó ti gbẹ."

Dúró-Ná fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ jìn. "Dúró ná."

"Afẹ́fẹ́ ò ní dúró o!"

"Gúlù ò mọ̀ pé ìyàwó rẹ lóyún. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kọ sára agolo."

Ọ̀sán ló tó gòkè lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé ọ̀pá fáíbà dúró, áńtẹ́nà wà lórí rẹ̀, ó fi bóòtì kìíní dè é. Nígbà tó kan èkejì, wọ́ṣà rọ́bà kékeré kan, òrùka abẹ́ bóòtì tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, tí kò ju èékánná lọ, yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sómi.

"Ẹ dè é bẹ́ẹ̀!" ni àbúrò rẹ̀ kígbe láti ìsàlẹ̀. "Kí ni wọ́ṣà kan fẹ́ ṣe?"

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀."

Kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ìdérí ike ìgò kan, ó wọ̀n ọ́n, ó fi abẹ bíléèdì gé e, kò tó, ó gé òmíràn. Nígbà tó padà jókòó sínú àga náà, ọ̀já ti kọ ilà dúdú sí itan rẹ̀ méjèèjì. Aránṣọ wo ilà náà, ó wo ojú rẹ̀, ó kàn di okùn mú ni, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tún fà á gòkè. Ó dè é, ó fi téèpù wé orí wáyà nígbà mẹ́ta, ó sì tẹ wáyà náà kọdọrọ sísàlẹ̀ kí omi òjò lè máa kán nù níbẹ̀ dípò kó wọlé.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó fi àdéhùn kan lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó tú okùn. Kó tu ọkọ̀ dé ibi àgbá pupa tó léfòó lójú agbami, ìrìn wákàtí méjì, kó yí po níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì pe òun láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí òun bá pàdánù ọ̀kan, kó padà wálé. Ọkùnrin náà gbà.

Dúró-Ná gun àtẹ̀gùn ilé-ìṣọ́, ó jókòó ti rédíò. Olùṣọ́ fún un ní awò awọ̀nà-jíjìn. Ìgbòkun náà ti kéré, ó funfun bí èékánná tí wọ́n gé sọnù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ kìíní."

"Ketekete."

Èkejì dé. Ẹ̀kẹta dé. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, mẹ́ta ti tó o. Afẹ́fẹ́ yìí dáa gan-an. Bí mo bá tún yí, n ó pàdánù rẹ̀. Ẹ jẹ́ n máa lọ."

Olùṣọ́ yí sí i. "Ìyá, mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyẹn ò burú."

"Mẹ́ta yẹn kọ́ ló fẹ́ pa á." Ó tẹ bọ́tìnì. "Yí i."

Kò sí èsì. Nínú awò, ìgbòkun náà dúró gangan, ó ń lọ tààrà. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí bọ́tìnì, ṣùgbọ́n kò tún tẹ̀ ẹ́. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbòkun gbọ̀n, ó tẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ẹ̀gbẹ́ kẹrin, ẹ̀gbẹ́ tí òpó ń gbé mì tẹ́lẹ̀, fi kọjú sí ilé.

Rédíò dún. Ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó jọ pé ìka àbúrò náà ló fara ti bọ́tìnì láìmọ̀ níbi tó ti ń fa okùn. "...obìnrin yìí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n, adájọ́ ni. Mo ní mẹ́ta ti tó, ó ní yí i. Èmi àti okùn yìí nìkan la mọ ohun tó ń ṣe wá. Bí mo bá dé òdìkejì, ó ṣeé ṣe kó ní kí n tún òkun náà wọ̀n..."

Olùṣọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Dúró-Ná mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sínú ìwé: ẹ̀gbẹ́ kẹrin, ketekete. Ó dúró títí àríyànjiyàn náà fi dákẹ́.

"Mo gbọ́ ọ," ó wí. "Gbogbo rẹ̀."

Ohùn àbúrò rẹ̀ padà dé. "Ẹ gbọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n?"

"Adájọ́ ní kí o máa lọ. Bá mi kí ìyàwó rẹ."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣé gan-an."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀, ó sì fa àga sún mọ́ rédíò. Olùṣọ́ bi í bóyá kò ní lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí. Ó yí ohùn rédíò sókè. Ó ń gbọ́.