Ìràwọ̀ Tó Lọ Jẹ Ẹran Iléyá

Ẹni tó bá ń wá onídàáríjì, kó kọjá ilé mi l'Akobo.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní yunifásítì ló jí ìràwọ̀ mi. Orí òrùlé kan l'Agbowó ni mo ti ń fi awò wo ojú ọ̀run, tí mo rí i pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan á lọ sílẹ̀, á sì tún padà. Mo sáré sọ fún ọ̀gá. Bí wọ́n ṣe gbé e sínú àwárí ọdún tí ẹ̀ka wa máa ń sọ fáráyé níbi àpérò nìyẹn, orúkọ tiwọn nìkan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ńkọ́?"

"Ṣé bàbá rẹ ló gbin ìràwọ̀ síbẹ̀ ni?"

Mo gbé e mì bí àgbo ibà.

Ó di Iléyá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ mi ò lọ sílẹ̀ rárá. Mo wo ìsàlẹ̀: ilé búrẹ́dì ẹ̀yìnkùlé ò dáná, alájì tó ni ín ń ṣọdún. Ìgbà tí wọ́n padà ṣáná sí igi, èéfín gòkè, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà lọ sílẹ̀, ti gbogbo àwọn tó yí i ká náà lọ sílẹ̀. Háà! Èéfín búrẹ́dì la sọ di àwárí!

Mo tún lọ bá ọ̀gá. "Sà, ní ti ìràwọ̀ yẹn..."

Wọ́n nawọ́ dá mi dúró. "Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ mọ́."

"Ó dáa, sà." Mo fi àgádágodo sẹ́nu.

Ọjọ́ àpérò pé, èrò kún gbọ̀ngàn. Ọ̀gá sọ ti ihò dúdú tó ń gbé ìràwọ̀ mì káló, wọ́n sọ ti ìràwọ̀ méjì tó forí gbárí, wọ́n wá gúnlẹ̀ sórí tèmi, agbádá wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè. Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí wọ́n má baà ní n ò lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ dákun sà, lọ́jọ́ Iléyá tí ilé búrẹ́dì Agbowó ò dáná, kí ló dé tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yín ò lọ sílẹ̀? Àbí òun náà lọ jẹ ẹran ni?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan níwájú ní, "Ọ̀gá, ẹ dá a lóhùn o!" Òógùn bo ọ̀gá.

Níta, ọ̀gá dì mí lápá mú. "O mọ̀, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní ẹ ò fẹ́ gbọ́, sà."

Lọ́dún yìí, èmi ni ẹ̀ka wa ní kí n sọ àwárí níbi àpérò. Mo yà l'Agbowó, mo ra búrẹ́dì gbígbóná, mo gbé e ka iwájú ọ̀gá kí n tó la ẹnu. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo jẹ ẹ́ délé. Kò tíì sí búrẹ́dì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí.