Orí Òkè Ọ̀kà Ni Mo Ti Kọ́ Ọmọ-ọmọ Mi Níṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi

Àtẹ́lẹsẹ̀ mi òsì yìí ni mo fi dí ihò ìdí ọkọ̀ ojú omi kan fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láàárín agbami, tí ẹja àbùùbùtán méjì ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tí wọ́n ń kí mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá." Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá wo àtẹ́lẹsẹ̀ náà ní Ìkàrẹ́. Ó ṣì rí pẹrẹsẹ títí dòní.

Ìtàn yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mi obìnrin dàgbà. Bí kò bá ti fẹ́ jẹun báyìí, mo ti wọ ọkọ̀ nìyẹn. Àbùùbùtán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Èkejì dé nígbà tó wọ ilé ìwé girama. Èmi kò kàwé lọ títí, ojú fèrèsé ni mo gbà jáde ní kíláàsì kẹfà, ṣùgbọ́n bí mo bá ń pìtàn, olùkọ́ gan-an á wá ibi jókòó.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé irọ́ a máa ta gbòǹgbò. Ọmọ tí mo ń wí yìí ti wà nílé ọkọ l'Ọ̀kà tipẹ́, ó ń ta aṣọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé tẹ́kíníkà, gbé fóònù wá bá mi lọ́jọ́ kan. Orúkọ rẹ̀ ti jáde lára àwọn tí néfì, àwọn ọmọ ogun ojú omi, mú. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, ó gbọ́dọ̀ ti dé ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ wọn. Wọ́n á sáré, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́ ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ọmọ kò lọ síbì kankan.

"Kí ni ìyá rẹ wí?" mo bi í.

"Ó ní òun kì í kó ọmọ fún omi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ múra mi sílẹ̀, òun á rò ó, torí ẹ̀yin ti ṣe é rí, ẹ sì padà wálé láyọ̀."

Mo wúkọ́ bí ọ̀gá àgbà. Mo ní, "A óò bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Mo mọ ẹ́ńjìnnì o, ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ mi ni títún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe, láti Ìkàrẹ́ dé Ugbe, títí dé Ìṣùà. Mo mú ọmọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ kan l'Ọ̀kà, mo ní kó gbé orí sípánà gígùn lé ara ẹ́ńjìnnì, kó fi ìdí rẹ̀ sétí.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó ń dún kọ̀ kọ̀ kọ̀, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn."

"Bíárìn tó gbé ọ̀pá ẹ́ńjìnnì dúró ló fẹ́ jáde nílé yẹn. Má jẹ̀ẹ́ kó jáde tán kó o tó ṣílẹ̀kùn fún un."

Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù dísẹ̀lì: tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, máa fa epo sí i títí ìfófòó á fi tán, kó o tó dì í padà. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan ó ti ń bá mi jiyàn, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, torí òun ló ń jàre.

Òkun gan-an ni n kò mọ̀. Níbo ni ọmọ Àkókó ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Àpáta ló yí wa ká. Ni mo bá ní kó máa mu omi iyọ̀ ife kan láràárọ̀, kí inú rẹ̀ lè ti mojú òkun kó tó débẹ̀. Ọjọ́ kejì, ilé ìgbẹ́ ló sùn tó jí. Nígbà tára rẹ̀ yá, mo to àgbá méjì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan l'Ọ̀kà, mo tẹ́ pákó lé wọn, mo ní kó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, torí bí ọkọ̀ ṣe ń mì nìyẹn. Àgbá yí. Pákó tẹ̀ lé e. Ọmọ fò bọ́ sílẹ̀, àgbá wọ ọgbà pásítọ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ lọ ràì, ó wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì.

Pásítọ̀ yọjú. "Bàbá, èwo tún rèé?"

"Ẹ má bínú, sà. Ìjì òkun ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dé etí ọmọ mi. Ó wá bá mi ní Ìkàrẹ́, kò tilẹ̀ jókòó.

"Bàbá, omi iyọ̀?"

"Báwa náà ṣe mu ún nìyẹn."

"Àgbá ńkọ́?"

"Orí ẹ̀ la dúró sí."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo iṣu tó fura sí. "Ó dáa. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà l'Àkùngbá tó ní omi ìlúwẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa bọ́ sínú ẹ̀, ẹ máa kọ́ ọ lójú mi. Tí mo bá rí i pé omi ò lè mú un, màá buwọ́ lù ú. Tí n kò bá rí i, kó wá máa bá mi ta aṣọ."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Èyí tẹ́ ẹ fi dí ọkọ̀?"

"Òun gan-an."

"Ẹ fi ọ̀tún wẹ̀ ẹ́."

Sátidé pé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún ibẹ̀, wọ́n ń mu mínírà. Omi náà búlúù bí omi tí wọ́n po búlúù aṣọ funfun sí. Mo dúró létí rẹ̀ pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò péńpé. Ǹ bá padà, ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ-ọmọ mi. Bí mo bá padà, fọ́ọ̀mù ti ya nìyẹn. Ni mo bá pa ojú dé, mo bẹ́.

Omi yẹn ga ju òpó iná lọ. Mo ń lọ sísàlẹ̀, n kò dé ìsàlẹ̀. Mo rí baba mi tó ti kú, ó ń bi mí pé ta ló ránṣẹ́ pè mí. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ kan gbá mi lọ́rùn bùbá mú. Ọmọ-ọmọ mi ti bẹ́ sínú omi bí ẹja. Ó fi apá kan gbá mi mọ́ra, ó fi ìkejì wa omi, ó wọ́ mi débi àtẹ̀gùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́. Mo bi omi tó tó garawa.

"Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Níbí ni, màámi. Mo máa ń sáré láti Ọ̀kà wá láràárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń kọ́ mi. N kò lè sọ fún Bàbá. Wọ́n ti ń gbádùn àgbá wọn."

Ọmọ mi yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí."

"N kò wọ̀ ọ́ rí."

"Kódà ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà?"

"Kódà ọpọ́n ìwẹ̀."

Ó ní, "Torí ẹ lọ, tẹ́ ẹ sì bọ̀, ni mo ṣe fẹ́ gbà." Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn ju ti inú omi lọ. Mo rò pé irọ́ mi ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ ó ń wo ọmọ rẹ̀, tó ń fún bùbá mi gbẹ, tí kò tilẹ̀ mí hẹlẹ. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹni tó bá lè fa ẹni tírọ́ ẹnu ẹ̀ wúwo tó báyìí jáde, omi kò lè mú un." Ó gbé fọ́ọ̀mù lé orí àga rọ́bà, ó buwọ́ lù ú.

Ọmọ náà ti lọ báyìí, ó ń ṣe dáadáa. Ó yẹ kí n wá sọ ibi tí mo ti parọ́. Kò sí àbùùbùtán, kò sí ọkọ̀, ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ yìí, wọ́n bí i mọ́ mi ni. Ti omi Àkùngbá yẹn náà, mo ti sọ fún gbogbo Ìkàrẹ́ pé ó ga ju òpó iná lọ, mo sì tún kọ ọ́ síbí. Kò ga tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo nàró, àyà mi ló mọ.