Wọ́n Ní Owó Bàbá Kò Ná Wọn Ní Nǹkan Kan

Mosúnmọ́lá ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde, Bàbá Richard ni wọ́n ń pe bàbá ẹ̀. Bàbá Mosún ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n bí Richard, orúkọ yí padà, kò sì sẹ́ni tó bi Mosún léèrè. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ìyẹn ò tó í dun èèyàn?

Òun ló ń ṣírò owó nílé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ tí bàbá wọn dá sílẹ̀ lọ́nà Ijagun. Ó ń ṣe é láìpariwo, kò béèrè àfikún owó oṣù rí. Richard wá ti Èkó dé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ńlá, Bàbá sì gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀ fún un. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá di "Richard ní báyìí, Richard ní tọ̀hún." Mosún ń jowú, kò sí orúkọ míì tá a lè pè é.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, Richard gbé ìṣirò síwájú Bàbá àti Mosún. Wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun tí yóò máa po oúnjẹ adìyẹ, ó sì fẹ́ mọ iye tí owó tí wọn yóò fi rà á máa ná ilé iṣẹ́ lọ́dún. Báńkì ni yóò yá wọn ní ìdajì, èlé ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún. Ìdajì tó kù, àpò Bàbá ni.

"Ti Bàbá, òdo ni," Richard ní. "Bàbá kì í gbèlé lọ́wọ́ wa. Ìdajì-ìdajì ni wọ́n, tá a bá pa wọ́n pọ̀, tá a pín in sí méjì, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lórí ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ yìí á sì mú ogún náírà wọlé lórí ọgọ́rùn-ún. Èrè gidi!"

"Ọmọ mi nìyẹn!" ni Bàbá wí.

Háà! Ọmọ mi nìyẹn! Mosún ti rí àṣìṣe náà. Ó kọ́kọ́ fẹ́ panu mọ́, kí wọ́n ra ẹ̀rọ, kí wọ́n jẹ gbèsè, kí ojú ti Richard láàárín ìlú. Inú ẹ̀ dùn sí èrò yẹn, kí n má parọ́. Àmọ́ iṣẹ́ tóun náà ti fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe ni yóò bà jẹ́.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fowó yẹn ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ fi kọ́."

"Ẹ ní á máa mú náírà méjìdínlógún wá lórí ọgọ́rùn-ún. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù nìyẹn tẹ́ ẹ bá fowó náà ra ẹ̀rọ. Tá a bá pa á pọ̀ mọ́ ọgbọ̀n ti báńkì, tá a pín in sí méjì, mẹ́rìnlélógún ni. Ẹ̀rọ tó ń mú ogún wá, a ó kàn máa fi ṣòfò ni."

"Sístà mi, Bàbá ò kúkú béèrè nǹkan kan," Richard ní.

"Torí pé wọn ò béèrè lo ṣe kọ òdo sí i?" Ohùn Mosún lọ sókè. "Ẹni tí ò bá ti pariwo nílé yìí, òdo ni! Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí ò sọ̀rọ̀, òdo!"

Wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́.

Bàbá yọ gíláàsì ojú ẹ̀. "Mosún, kí lo fẹ́? O ò sọ fún mi rí."

"Àga tí Richard jókòó lé yẹn."

Richard bú sẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Bàbá kí wọ́n lè jọ rín in. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Richard," ó ní, "dìde."