Ẹ̀wù Gòláyátì ní Kílò

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Ìbílọlá Adésànyà ti ń fi òṣùwọ̀n jẹun. Yàrá ìwọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà. Ṣúgà ni o, ìyẹ̀fun ni o, iyọ̀ ni o, kò sí èyí tó ń wọnú ẹ̀rọ tí kò kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti pe iye kan, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kì í tún un wọ̀n.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá Dàwódù, alàgbà tó ń darí eré Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ágége, fi dá a dúró lẹ́yìn ìsìn.

"Màmá Ayọ̀tọ́lá, Bíbélì ní ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣékélì ni ẹ̀wù idẹ Gòláyátì. Kílò mélòó nìyẹn? Lọ́tẹ̀ yìí, a ò ní fi páálí tan àwọn ọmọ jẹ. Bó ṣe wúwo gan-an la fẹ́ ṣe é."

Ìbílọlá wá a nínú ìwé nígbà tó délé. Ó kà á pé wọ́n ti hú òkúta ìwọ̀n ayé àtijọ́ jáde nílẹ̀ Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì ti gbé e sórí òṣùwọ̀n òde òní: ṣékélì kan fi díẹ̀ lé ní gíráàmù mọ́kànlá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: 5,000 × 11.4 = 57,000. Kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, nítorí iye náà bà á lẹ́rù.

"Bàbá, ẹ̀wù yìí wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ," ó wí nígbà tó fún wọn níwèé náà. "Ẹ má jẹ́ kí èèyàn wọ̀ ọ́. Ẹ kàn gbé e kọ́, kí àwọn ọmọ máa wò ó."

"Job ló máa wọ̀ ọ́. Ṣé ẹ ò rí apá rẹ̀ ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ṣe tiyín, mà. Ẹ ṣeun."

Géńdé ọkùnrin ni Job, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì. Ìbílọlá fẹ́ tún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àgbà ni Bàbá Dàwódù, àwọn èèyàn sì ti ń dúró láti kí wọn. Ó dákẹ́.

Kazeem, wẹ́dà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí rélùwéè, ló ṣe ẹ̀wù náà. Ó fi òrùka irin kọ́ òrùka irin, ó kùn ún ní àwọ̀ idẹ, ó sì fi ìkọ́ mẹ́rin dè é lẹ́yìn.

Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n ṣeré náà, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Job wọ́ ẹsẹ̀ jáde, ó gbé ọ̀kọ̀ irin lọ́wọ́, òógùn bò ó lójú. Àwọn ọmọdé hó yèè. Dáfídì ju kànnàkànnà rẹ̀, Job sì ṣubú gbì, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ Job gbéra, ó ń gbá ilẹ̀ léraléra.

"Ọmọ yìí mọ eré ṣe o!" ẹnìkan wí.

Ìlà kẹta ni Ìbílọlá jókòó sí. Ẹnu Job ló ń wò. Ẹnu náà là sílẹ̀, ohùn kankan kò jáde. Àyà rẹ̀ kò gbéra.

"Ẹ dá eré dúró!" Ó fò dìde. "Kò lè mí!"

Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú èrò di ìró rẹ̀ mú. "Mà, ẹ jókòó, àwọn ọmọ ń wò yín."

Ìbílọlá já ara rẹ̀ gbà, ó sáré gun orí pèpéle. Ètè Job ti ń dúdú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹ̀wù náà, kò mì.

"Kazeem! Ibo ni wọ́n ti ń tú u?"

Kazeem ti ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn. "Ó sùn lé ìkọ́ lórí ni! Ẹ yí i!"

Ọkùnrin mẹ́rin gbá a mú. Irin yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún gbá a mú, wọ́n sì yí i dojú bolẹ̀. Ìkọ́ méjì ṣí kíá, ẹ̀kẹta ṣí tipátipá. Ẹ̀kẹrin ti tẹ̀ nígbà tó ṣubú. Kazeem mú ọ̀kọ̀ Gòláyátì nílẹ̀, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ìkọ́, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ìkọ́ já. Job fa èémí kan tó dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ.

Egungun ìhà rẹ̀ méjì ló sán. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, Bàbá Dàwódù di ọwọ́ Ìbílọlá mú.

"Ọlọ́run ló lò yín. Ẹ máa jẹ́rìí lọ́la."

"Mi ò ní í jẹ́rìí kankan, Bàbá. Mo mọ̀ bó ṣe wúwo tó, mo sì dákẹ́."

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n jókòó. "Ẹ ò dákẹ́. Ẹ sọ fún mi. Èmi ni mi ò gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, níwájú ìjọ, Bàbá Dàwódù fi ẹnu ara wọn sọ pé Ìbílọlá kìlọ̀ fún àwọn, àwọn ò sì gbọ́. Stella, ìyá Job, kò gbójú sókè. Ìbílọlá dìde kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, ó lọ jókòó tì í.